Fífọ́máàtì láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ láìsí díìsìkì

Ẹ̀rọ: Dell Latitude 7490, tòkunbọ̀. Processor Intel i5-8350U, RAM 8GB, SSD NVMe 256GB (ibi tí fáìlì ń wà).

Ẹni tó ni ín: ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, olùkọ́ èdè Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ girama kan n'Ìbàdàn.

Iṣẹ́: kí Windows tó wà lórí rẹ̀ kúrò pátápátá, kí ojúlówó rọ́pò rẹ̀. Díìsìkì kò sí. Ihò tí èèyàn ì bá ki díìsìkì bọ̀ gan-an kò sí lára ẹ̀rọ náà.

Ẹ̀sùn

Ẹ̀sùn tí ẹ̀gbọ́n kà sílẹ̀ pọ̀. Chrome ò ní tíì ṣí tán tí ojú ìwé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù á ti já wọlé láìpè. Fáànù kì í sinmi, kódà bí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Détà ni wọ́n wá fi parí rẹ̀: "Mo ra détà lánàá, mi ò wo fíìmù, mi ò gbọ́ orin, ó ti tán. Nǹkan yìí ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ gúgúrú."

Irú àìsàn bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ti Chrome nìkan, nítorí náà mi ò sáré sọ pé ká fọ́máàtì. Mo ṣí Command Prompt, mo sì tẹ èyí láti wo irú àṣẹ tí Windows náà fi ń ṣiṣẹ́:

slmgr /dli

Nínú ìdáhùn tó jáde ni mo ti rí "VOLUME_KMSCLIENT channel". Ilé iṣẹ́ ńlá àti yunifásítì ló ń lo irú àṣẹ yìí. Wọ́n á ní sáfà kan (kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn yòókù lóhùn), gbogbo kọ̀ǹpútà inú ọgbà á máa lọ gbàṣẹ lọ́dọ̀ rẹ̀, àṣẹ náà á wà fún ọjọ́ 180, wọ́n á sì máa sọ ọ́ dọ̀tun. Ẹ̀gbọ́n mi ò ní sáfà nínú yàrá. Activator, ètò tí wọ́n fi ń mú Windows ayédèrú ṣiṣẹ́, ló ń díbọ́n bíi sáfà nínú ẹ̀rọ náà, ó sì ń jí fúnra rẹ̀ lábẹ́lẹ̀ láti sọ àṣẹ náà dọ̀tun.

Èyí tó burú ju ìyẹn lọ, inú Windows Defender, ẹ̀ṣọ́ tó ń lé kòkòrò, ni mo ti bá a. Kí Defender má bàa mú activator, ẹni tó fi í síbẹ̀ ti kọ gbogbo drive C sínú àkójọ ibi tí Defender kò gbọdọ̀ yẹ̀ wò. Kì í ṣe fódà kan o, gbogbo C. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tó bá wọlé, ìran ni Defender ń wò. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ máa ṣa kòkòrò lọ́kọ̀ọ̀kan nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kí ọkàn mi balẹ̀ pé ó ti tán. A ó nù ún nù.

Kọ́kọ́rọ́ ń bẹ nínú ẹ̀rọ

"Ṣé o ní CD Windows ni?" ni ẹ̀gbọ́n bi mí. "Ọmọkùnrin tó tà á fún mi ní òun ní CD, kí n mú ẹgbẹ̀rún márùn-ún wá."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò nílò CD. Ẹni tó kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ yìí ti bá yín sanwó Windows."

Nígbà Windows XP àti Windows 7, kọ́kọ́rọ́ tí Windows ń béèrè, tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 25, máa ń wà lára pépà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀rọ. Pépà yẹn á máa ṣá díẹ̀díẹ̀ títí èèyàn ò fi ní lè kà á mọ́. Láti ìgbà tí Windows 8 ti jáde ní 2012, àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ń kọ kọ́kọ́rọ́ náà sínú bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ, nínú ìlà kan lára firmware (ètò tó wà nínú bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀) tí wọ́n ń pè ní MSDM. Kò sí lórí SSD rárá. Ẹ yọ SSD dànù, ẹ ra òmíràn, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà níbi tó wà. Nígbà tí ẹ bá ń fi Windows tuntun sórí ẹ̀rọ, òun fúnra rẹ̀ á lọ ka ìlà náà, kò ní bi yín ní ìbéèrè kankan.

Mo tẹ Service Tag, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà ní ìdí ẹ̀rọ, sórí ojú ìwé ìrànlọ́wọ́ Dell, ó sì fi hàn pé Windows 10 Pro ló bá jáde nílé iṣẹ́. Ẹ wá wò ó: wọ́n fi ayédèrú Pro bo ojúlówó Pro mọ́lẹ̀. Wọn ò tilẹ̀ jèrè kankan nínú ẹ̀. Ohun tó fà á kò ju pé àwọn ọmọ ìsọ̀ máa ń ní ẹ̀dà kan ṣoṣo tí wọ́n ti sè sílẹ̀, pẹ̀lú activator, pẹ̀lú Office, wọ́n á sì dà á sórí gbogbo ẹ̀rọ tó bá ti dé, yálà ẹ̀rọ náà ní kọ́kọ́rọ́ tàbí kò ní.

Dell ní ọ̀nà tiwọn: Service Tag yẹn kan náà lèèyàn lè fi wa Windows tó bá ẹ̀rọ náà jáde sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. HP ní èyí tí wọ́n ń pè ní Cloud Recovery Tool, Lenovo ní Digital Download Recovery Service. Ọ̀nà tó dáa ni, pàápàá fún ẹni tí kò fẹ́ wá driver (ètò tó ń jẹ́ kí Windows lo ẹ̀yà ara ẹ̀rọ) kiri. Mi ò gbà á nítorí Windows 10 ni yóò gbé fún mi, Microsoft sì ti dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró ní 14 October 2025. Processor ìran kẹjọ ni Intel tí Windows 11 ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà, ìran kẹjọ gan-an sì ni i5-8350U. TPM 2.0 (ṣíìpù ààbò) tó ń béèrè náà wà níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ Windows 10 Pro sì ń ṣiṣẹ́ fún Windows 11 Pro láìsan kọ́bọ̀. Ẹ̀gbọ́n ṣoríire, torí Latitude 7480 tí wọ́n máa ń tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí tábìlì, tójú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ìran kẹfà àti ìkeje ló wà nínú rẹ̀, Windows 11 ò sì fọwọ́ sí i. Ẹ máa béèrè nọ́ńbà processor kẹ́ ẹ tó sanwó.

Fíláàṣì àti ìwàsílẹ̀

Fíláàṣì tí wọ́n kọ 64GB sí lára pọ̀ lọ́jà tó jẹ́ pé 8GB ni gbogbo inú ẹ̀. Kọ̀ǹpútà á rí 64, á máa gba fáìlì wọlé lọ ràì, àwọn tó bá ti kọjá 8 á kàn di pàǹtí. Irú fíláàṣì bẹ́ẹ̀ ló máa ń jẹ́ kí Windows dúró láàárín ọ̀nà, tí á ní fáìlì kan kò pé, tí èèyàn á sì máa bú ẹ̀rọ. Orí Linux Mint, tí èmi ń lò dípò Windows, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà f3, ètò tó ń dán fíláàṣì wò, ni mo fi dán tèmi wò:

sudo f3probe --destructive --time-ops /dev/sdb

Ó ń pa ohun tó wà lórí fíláàṣì rẹ́, kẹ́ ẹ rántí. Tèmi yè, ojúlówó ni.

Ẹni tó bá fi Windows lọ sí ojú ìwé Microsoft, Media Creation Tool ni wọ́n á kọ́kọ́ fi lọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fi Linux lọ, ISO gan-an, fáìlì kan ṣoṣo tó kó gbogbo díìsìkì Windows sínú, ni wọ́n á gbé fún un. ISO Windows 11 ju 5GB lọ, ìlà ìwàsílẹ̀ tí wọ́n ń fún èèyàn kì í sì lò ju wákàtí 24. Nílùú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ẹ má fi Chrome wà á. Òru ni mo dá a sí, nígbà tí owó détà kéré, wget -c ni mo sì lò. Nígbàkigbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, ibi tó dúró sí ló ti ń bẹ̀rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà mo fi sha256sum ṣírò àmì ìdánimọ̀ ISO náà, mo fi wé èyí tí Microsoft kọ sórí ojú ìwé kan náà. Wọ́n dọ́gba. Ẹ má fo ibẹ̀ yẹn, pàápàá tó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lẹ ti gba ISO lórí fíláàṣì.

Bí wọ́n ṣe ń fi dd kọ ISO Linux sórí fíláàṣì, ti Windows kì í gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ò ní fi gbéra. Fíláàṣì tí wọ́n sì fọ́máàtì sí FAT32 ò lè gba fáìlì kan tó bá ju 4GB, bẹ́ẹ̀ install.wim inú ISO náà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ventoy ló gbà mí lọ́wọ́ wàhálà méjèèjì. Èèyàn á fi Ventoy sórí fíláàṣì lẹ́ẹ̀kan, á wá máa da ISO sí i bí ẹni ń da fáìlì lásán. Mo da Windows 11 àti Linux Mint 22 sórí kan náà: Mint láti fi kó ẹrù jáde, Windows láti fi kọ́ ilé tuntun.

SSD tó fara pa mọ́

Mo tan ẹ̀rọ, mo ń tẹ F2, mo wọ BIOS, ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń jí ṣáájú Windows. Ohun tí mo kọ́kọ́ wò ni bóyá pásíwọ́ọ̀dù wà níbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ Latitude tòkunbọ̀ jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì máa ń ti BIOS pa. Kò sí. Mo pa Secure Boot, ẹ̀ṣọ́ tó ń yan ohun tí ẹ̀rọ lè fi gbéra, fún ìgbà díẹ̀ kí Ventoy lè ráàyè, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé kí n tan-án padà. F12, mo yan fíláàṣì, Mint gbéra láìfọwọ́ kan ohunkóhun tó wà lórí ẹ̀rọ.

Mo tẹ lsblk láti rí gbogbo díìsìkì tó wà lára ẹ̀rọ. Fíláàṣì nìkan ló yọjú. SSD kò sí.

Ẹ̀gbọ́n tó jókòó tì mí ti ń béèrè: "Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? Note SS2 mi wà níbẹ̀ o!" Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi SSD kan náà gbéra láàárọ̀ yìí ò lè pàdánù rẹ̀ báyìí. Mo ka ohun tí kernel, ọkàn Linux, kọ sínú dmesg, ìwé ìròyìn rẹ̀, òun ló sì tú àṣírí:

Found 1 remapped NVMe devices.
Switch your BIOS from RAID to AHCI mode to use them.

Láti ilé iṣẹ́ ni Dell ti máa ń fi SATA Operation sí "RAID On". Lábẹ́ ètò yẹn, ẹ̀rọ Intel máa ń gbé SSD NVMe pa mọ́ sẹ́yìn ara rẹ̀, ẹni tó bá ní driver Intel nìkan ló lè rí i. Windows ní in, Linux ò ní. Ẹ̀rọ tó ní SSD kan ṣoṣo ò tilẹ̀ ní ohun tó fẹ́ fi RAID, ètò tó ń so díìsìkì púpọ̀ pọ̀, ṣe. Mo padà sínú BIOS, mo yí i sí AHCI. Kí ẹni tó ṣì fẹ́ lo Windows ọwọ́ rẹ̀ má ṣe dán èyí wò lójijì o, torí nígbà tó bá tún tan-án, ojú búlúù INACCESSIBLE BOOT DEVICE ló máa rí. Ní tiwa, Windows yẹn ti ń re ilé.

Mint gbéra, lsblk -f fi gbogbo rẹ̀ hàn: nvme0n1, pẹ̀lú ntfs. Ntfs yẹn mú mi mí kanlẹ̀. Ká ní "BitLocker", ohun tí Windows fi ń ti díìsìkì pa, ló kọ síbẹ̀ ni, láìsí nọ́ńbà 48 tó ń ṣí i, fáìlì kankan ò ní ṣeé kó jáde.

Mo wo kọ́kọ́rọ́ náà lójú ara mi kí n tó pa nǹkan kan rẹ́:

sudo strings /sys/firmware/acpi/tables/MSDM

Ó jáde, lẹ́tà àti nọ́ńbà 25. Mo pe ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n ní, "Ẹgbẹ̀rún márùn-ún tí mo fẹ́ lọ san nìyẹn?"

Kíkó ẹrù jáde

Windows ò kú tán nígbà tí wọ́n pa á, nítorí Fast Startup tó ń jẹ́ kó sùn dípò kó kú, Mint sì kọ̀ láti kọ nǹkan sórí rẹ̀. Kíkà nìkan ló gbà. Kíkà náà ni mo fẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ní orí Desktop ni gbogbo nǹkan àwọn wà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí ẹni tí mo bá fọ́máàtì ẹ̀rọ rẹ̀ tí kò sọ bẹ́ẹ̀, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ jóòótọ́. Fódà ìbéèrè ìdánwò ti táàmù tó kọjá wà ní orí C gan-an, lẹ́yìn òde Users. Àwọn àwòrán ìgbéyàwó wà nínú Downloads. Bookmark Chrome wà nínú AppData tó fara sin. Mo fi rsync kó gbogbo rẹ̀ sórí hard disk ìta, mo fi du wo ìwọ̀n ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Fáìlì .exe kankan ò bá wa lọ.

Ohun kan wà níbí tó kan àwa tí ń fi Yorùbá kọ̀wé ju ẹlòmíì lọ. Ọ̀pọ̀ note tí àwọn olùkọ́ ti tẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni kò bá Unicode, ìlànà àgbáyé fún kíkọ lẹ́tà, mu. Fọ́ǹtì àdáṣe ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́: ẹni tó ṣe fọ́ǹtì náà fi àwòrán ọ tàbí ẹ sí ipò àmì mìíràn. Níwọ̀n ìgbà tí fọ́ǹtì yẹn bá wà lórí ẹ̀rọ, ìwé náà á ṣeé kà. Lọ́jọ́ tí fọ́ǹtì bá lọ, gbogbo ọ̀ á di wúruwùru, ẹni tí kò mọ̀ á sì rò pé fáìlì ló bàjẹ́ lásìkò ìfọ́máàtì. Nítorí náà mo wọ inú Windows/Fonts, mo kó gbogbo fọ́ǹtì tí kì í ṣe ti Microsoft. Èyí tí ẹ̀gbọ́n ń lò wà láàárín wọn, ẹ̀dà rẹ̀ kò sì sí níbòmíì. Ẹni tó fún wọn ti kúrò nílé ẹ̀kọ́ náà tipẹ́.

Windows 11

Apá yìí ló yá jù. F12, Ventoy, ISO Windows. Kò béèrè kọ́kọ́rọ́, kò béèrè bóyá Home tàbí Pro. Ó ti ka MSDM. (Ẹ̀rọ tí kọ́kọ́rọ́ Home bá wà nínú rẹ̀, Home náà ló máa fi sí i láìsọ̀rọ̀. Kí ẹni tó ń retí Pro mọ̀.) Níbi tí ó ti béèrè orí èwo ni òun á lọ, mo rí i dájú pé Disk 0 ni SSD, fíláàṣì ni Disk 1, mo sì pa gbogbo ìpín orí Disk 0 rẹ́ títí ó fi di "Unallocated Space" kan ṣoṣo. Mo tẹ Next. Òun fúnra rẹ̀ pín in: EFI 100MB, MSR 16MB, ìyókù fún C àti fún àtúnṣe.

Ẹ̀rù kan ṣì ń bà mí tí mi ò sọ fún ẹ̀gbọ́n. Ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ni láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ lè ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Microsoft nínú ohun tí wọ́n ń pè ní Autopilot. Tí wọn ò bá yọ ọ́ kí wọ́n tó tà á, lọ́jọ́ tí èèyàn bá fi ojúlówó Pro sí i tó sì so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ ilé iṣẹ́ náà ló máa jáde, tí á máa béèrè ímeèlì òṣìṣẹ́. Fífọ́máàtì ò wúlò níbẹ̀ rárá, torí orí sáfà Microsoft ni àkọsílẹ̀ náà wà. Ilé iṣẹ́ yẹn ló yẹ kó pa á rẹ́, ta ló sì fẹ́ wá wọn rí nílùú òyìnbó? Mo tan hotspot fóònù mi, mo so ẹ̀rọ mọ́ ọn, mo ń wò. Ó yí, ó yí, ó wá béèrè bóyá ẹ̀rọ yìí jẹ́ ti ara ẹni tàbí ti iṣẹ́. Kò sí orúkọ ilé iṣẹ́ kankan. Ọpẹ́ ni.

Kó tó máa wa update, mo wọ Settings, mo sọ fún un pé hotspot náà jẹ́ metered, ìyẹn ni pé détà rẹ̀ ní ìwọ̀n. Láìṣe bẹ́ẹ̀, á gbé gbogbo détà mi mì kí ilẹ̀ tó ṣú.

slmgr /xpr: "The machine is permanently activated." Mo tún tẹ slmgr /dli. Níbi tí KMSCLIENT wà tẹ́lẹ̀, "OEM_DM channel" ló wà báyìí, ìyẹn ni pé inú ẹ̀rọ ni àṣẹ náà ti wá.

Àwọn tó kù

Windows Update rí ọ̀pọ̀ driver fúnra rẹ̀. Àmì ofeefee kan ṣoṣo ló kù nínú Device Manager, ti ControlVault tó ń bójú tó ìka ọwọ́ àti káàdì. Mo gbà á lórí ojú ìwé Dell pẹ̀lú Service Tag. BIOS tuntun náà wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe é lórí iná tó ń ṣẹ́jú. A dúró títí inverter fi gba gbogbo ilé, báàtìrì kún, ṣájà wà lára, ká tó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn mo tan Secure Boot padà.

Windows 11 tuntun máa ń ti SSD pa fúnra rẹ̀ nígbà tí èèyàn bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé. Ó dáa fún ẹni tí wọ́n bá jí ẹ̀rọ rẹ̀, àmọ́ nọ́ńbà 48 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti di dandan nìyẹn. Ó wà nínú àkáǹtì ẹ̀gbọ́n. Mo tún ní kí wọ́n dà á kọ sínú ìwé, kí wọ́n fi í sínú fáìlì sátífíkéètì wọn.

Office ayédèrú ti lọ, LibreOffice ló wà níbẹ̀ báyìí. Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ fajú ro. Mo fi fọ́ǹtì àtijọ́ wọn síbẹ̀, mo ṣí note àṣà ìsọmọlórúkọ, gbogbo àmì sì dúró síbi tó yẹ. Mo fi bọ́tìnnì Yorùbá kún èdè inú Settings, mo ní kí wọ́n máa fi Unicode tẹ àwọn tuntun láti ìsinsìnyí lọ. Wọ́n ní àwọn á rò ó.

Ó ku báàtìrì. powercfg /batteryreport fi hàn pé ohun tó lè gbà báyìí kò pé ìlàjì èyí tó ń gbà nígbà tó wà ní tuntun. Mo ti kọ nọ́ńbà ara báàtìrì náà sílẹ̀, a ó wá òmíràn tí owó oṣù bá wọlé.